Oyún àti oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ̀yìn káńtà ilé oògùn ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti ń bí mi nínú tipẹ́: aláboyún á máa náwó lé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (ọ̀rá kan tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀) lórí, ohun tó yẹ kó ṣe gan-an á sì wà nílẹ̀.

1. Ẹ má dúró dìgbà tí oyún bá dé kí ẹ tó mẹ́nu ba oògùn yín. Bí ẹ bá ń lo èyíkéyìí nínú oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tórúkọ rẹ̀ parí sí "statin", tí ẹ sì ń retí oyún, ẹ ti sọ fún dókítà. Ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Bìrìtéènì, ní kí obìnrin ti dá a dúró láti oṣù 3 ṣáájú.

2. Bí oyún bá sì bá yín lórí oògùn, ẹ má kú fún ìbẹ̀rù. Obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, oyún ọ̀sẹ̀ 7, ó di páálí oògùn rẹ̀ mọ́wọ́ títí ó fi rún. Ohun tó bi mí ni pé ṣé kí òun lọ ṣẹ́ oyún náà ni. Ẹnìkan ti sọ fún un pé ọmọ ti bàjẹ́. Irọ́ ni! Ní oṣù Keje ọdún 2021, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ fún aláboyún kúrò lórí statin, torí ìwádìí kò fi hàn pé ó ń sọ ọmọ inú di alábùkù. Ìyẹn ò ní kí ẹ máa lò ó lọ o. Ọ̀pọ̀ ni dókítà á ní kó dá a dúró, torí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà lára ohun tí ọlẹ̀ fi ń dàgbà. Ẹni tó ti ní àrùn ọkàn rí, tàbí tó jogún kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù gíga lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ pe dókítà lọ́jọ́ tí ẹ bá mọ̀.

3. Èyí ló ń dùn mí jù: àyẹ̀wò lórí àyẹ̀wò. Oyún fúnra rẹ̀ ló ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù sókè. Láti bí oṣù kẹrin ló ti ń gòkè, ó sì lè fi ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí ìdajì lé sí i. Triglyceride, ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Kì í ṣe àìsàn. Síbẹ̀, ìyá kan kó èsì mẹ́ta wá, ó fi pín-ìnnì so wọ́n pọ̀, ó fi gègé pupa yí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan po, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ga ju èyí tó ṣáájú lọ. Ó ti ra ike kan tí wọ́n ya ewé sí, tí wọ́n kọ "àdáyébá" sí. Mo yí ẹ̀yìn ike náà, mo kà á: ìrẹsì pupa tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe, monacolin K. Monacolin K náà ni lovastatin! Statin tí dókítà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún fi owó ara rẹ̀ rà padà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi náà kì í béèrè bóyá oyún wà kí n tó ta irú ike bẹ́ẹ̀. Mo ti ń béèrè báyìí, kò sígbà tí mi ò ní béèrè.

Ẹni tí triglyceride rẹ̀ ti ga gan-an tẹ́lẹ̀ ni àyẹ̀wò tọ́ sí, torí ó lè mú kí pánkíríásì, ẹ̀yà inú ikùn tó ń ṣe oje tí ń da oúnjẹ, wú.

Oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù mìíràn tí kì í ṣe statin ni cholestyramine àti colesevelam. Inú ìfun ni wọ́n ń dúró sí, wọn kì í wọ ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń yàn wọ́n fún aláboyún. Àmọ́ wọ́n ń di fítámì mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé wọn mì pọ̀ mọ́ fólíìkì ásíìdì: ẹ lo fólíìkì ásíìdì ní wákàtí kan ṣáájú cholestyramine, tàbí wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn rẹ̀; bó bá jẹ́ colesevelam, ẹ lò ó ní wákàtí 4 ṣáájú, ó kéré tán.

Ọmú: ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ statin nígbà tí ọmọ ń mu ọmú láìbi dókítà.

Kí n tó gbàgbé, ẹ tú àpò oògùn yín dà sórí tábìlì. Statin nìkan ni gbogbo yín máa ń bi mí léèrè, lisinopril tàbí enalapril tí ẹ ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́.