Bí mo ṣe fọwọ́ bọ́ àgbébọ̀ mi títí ojú rẹ̀ fi là

Adìẹ méje ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn. Dúdú ni èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ nìkan ló pọ́n díẹ̀. Màmá mi ni wọ́n fún mi nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ìkirè, òròmọdìẹ tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ lọ ni nígbà náà. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná bó bá ti gbọ́ ìró abọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo da èérí àgbàdo sílẹ̀, tí àwọn mẹ́fà yòókù sáré dé, tí òun sì dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó ká ọrùn mọ́ra, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti rí nǹkan kéékèèké bíi wóró ọkà bàbà lórí ogbe rẹ̀. Mo rò pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fẹnu gún un níbi tí wọ́n ti ń jà. Nígbà tí mo wá gbé e lọ́jọ́ yẹn, èépá dúdú ti bo ogbe náà, ó ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ti dé awọ pupa tó rọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Ojú méjèèjì wú, ìpéǹpéjú ti lẹ̀ mọ́ra. Èyí tó já mi láyà jù ni igbáàyà rẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ ọ wálẹ̀, eegun àárín rẹ̀ yọ síta bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ẹran ti tán lára rẹ̀. Àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, tó máa ń kún bí ọsàn kékeré nírọ̀lẹ́, ṣófo pátápátá.

Màmá tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mi orí.

"Ìyàwó wa, olóde adìẹ rèé o. Tètè pa á kó tó kú mọ́ ẹ lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ n gbìyànjú ná, Màmá."

Kò sí ohun tí àwọn èèyàn kò ní kí n fi pa á lójú lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ní kẹrosíìnì, ẹlòmíràn ní ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò. Mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má ṣe é. Ojú ni, awọ tó ti bó ni, nǹkan wọ̀nyẹn ń jó o ni, wọn kì í wò ó.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran, wọ́n ta oògùn oníyẹ̀fun kan fún mi pé kí n pò ó mọ́ omi rẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi san. Mo pò ó, mo gbé e síwájú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà wà bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, kò dín rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Adìẹ tí kò ríran kì í wá oúnjẹ kiri. Ojú kan ni yóò dúró sí, bí omi tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀, títí ẹ̀mí yóò fi bọ́.

Dókítà ẹranko kan ní Bódìjà ló là á yé mi. Fowl pox ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ẹ̀fọn ló sì sábà máa ń gbé e láti ara adìẹ kan dé ara òmíràn, ó sì lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Oògùn oníyẹ̀fun tí mo rà, bakitéríà tó bá wọ ojú egbò ló lè bá jà. Ara adìẹ fúnra rẹ̀ ni yóò borí àrùn náà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, bí ohun tó wà lẹ́nu àti lọ́fun kò bá pọ̀. Dókítà la ẹnu rẹ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá nǹkan pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wàrà dídì ti bò ó lọ́fun, torí irú ìyẹn ló ń dí èémí. Kò sí. "Bí ebi àti òùngbẹ kò bá pa á, yóò yè," ni wọ́n wí. Wọ́n fún mi ní oògùn ojú, wọ́n sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ran èèyàn.

Mo gbé e sínú páálí ńlá kan ní ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí oòrùn kò ti mú, mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sí i, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Àwọn tí ara wọn le ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́jú, òun ló máa ń kẹ́yìn, màá sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Fún ojú rẹ̀, mo se ìdajì lítà omi, mo da ṣíbí tíì kan iyọ̀ sí i, mo jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màá rẹ òwú sínú rẹ̀, màá gbé e lé ojú náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀tọ̀ ni òwú ọ̀tún, ọ̀tọ̀ ni ti òsì. Èépá náà kò ṣe é fà tu. Ẹ̀jẹ̀ ni yóò dà, egbò tuntun ni yóò sì ṣí sílẹ̀ fún àrùn. Lọ́jọ́ kejì ni etí ìpéǹpéjú ọ̀tún gbà díẹ̀, nǹkan pípọ́n bí ẹ̀wà kékeré kan yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo rọra fi òwú nù ún, mo fún oògùn ojú náà sí i. Kò jà rárá. Ó kàn gbé orí lé ọwọ́ mi.

Oúnjẹ ló gba àkókò mi jù. Màá po oúnjẹ adìẹ tó ń yé mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí yóò fi ṣàn bí ògì, màá ra pupa ẹyin sísè kan mọ́ ọn, màá kán epo pupa díẹ̀ sí i, torí ohun tí ara ń sọ di fítámì A, tó dára fún awọ àti ojú, wà nínú epo. Sírínjì tí mo ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni mo fi ń fún un. Màá jókòó sórí àpótí, màá fi tówẹ́ẹ̀lì wé e kó má baà gbọn apá, orí rẹ̀ nìkan ló máa yọ. Mi ò fún un sí ọ̀fun. Ìdí ahọ́n adìẹ ni ihò tó fi ń mí wà, bí omi bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀ ni màá kán an sí, ìkán kan, màá dúró. Yóò fi ẹnu tọ́ ọ wò, yóò gbé orí sókè, yóò gbé e mì. Ìkán mìíràn. Mílílítà 10 ló gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ń gba 30. Kí n tó fún un láàárọ̀, màá kọ́kọ́ tẹ àpò oúnjẹ rẹ̀ wò. Bí ti alẹ́ àná bá ti lọ sísàlẹ̀, a jẹ́ pé inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló ń fún un lọ́sàn-án bó bá ti iléèwé dé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú méjèèjì ṣì dí, mo gbé abọ́ sítòsí rẹ̀, mo fi èékánná lu etí abọ́ náà, kó, kó, kó, bí àgbébọ̀ ṣe máa ń fẹnu kan ilẹ̀ láti fi oúnjẹ han àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yí orí. Mo tún lù ú. Ó na ọrùn, ó sọ ẹnu kalẹ̀, àtàǹpàkò mi ló bà. Mo sún abọ́ náà díẹ̀, ó tún sọ ẹnu kalẹ̀, ó bọ́ sínú oúnjẹ. Ó gbọn orí, ó ta á sí mi láṣọ, ó sì tún bẹnu bọ̀ ọ́. Mo pe ọmọ mi kó wá wò ó. Omijé bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi sírínjì fún un mọ́, abọ́ ni mo ń lù.

Lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Táyà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé adìẹ tí omi òjò ti kún, tanwíjí ń yí nínú rẹ̀. Mo dà á nù, mo gbé táyà náà kúrò. Àjẹsára àrùn yìí wà, wọ́n ń ṣe é ní Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí àìsàn ẹran ti wà láti 1924. Bí wọ́n bá ti po ìgò kan, kò ṣe é fi pa mọ́ di ọ̀la, ó sì pọ̀ ju adìẹ mẹ́fà lọ fíìfíì. Mo bá kéde fún àdúgbò. Màmá ẹlẹ́kọ gbé adìẹ méjì tiwọn wá nínú àgò. Dókítà fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì gún awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú apá wọn, wọ́n yẹra fún iṣan. Tó bá di ọjọ́ 7 sí 10, ojú abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wú díẹ̀ kó sì ní èépá, ìyẹn ló fi hàn pé ó mú. Ọ̀kan nínú tèmi kò wú, a tún ti ìyẹn ṣe. Wọn kò gún aláìsàn ní tirẹ̀.

Èépá ojú ọ̀tún já fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ 16. Mo ṣa gbogbo èyí tó já sínú páálí, mo dáná sun àwọn èépá náà, torí fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè pẹ́ nínú èépá gbígbẹ. Lọ́jọ́ 26 ni mo dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú òsì là, àmọ́ ó funfun, kò fi ríran. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó yé ẹyin kan sínú páálí rẹ̀ àtijọ́ tí n kò tíì dáná sun. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń da oúnjẹ sí báyìí, màá sì lu abọ́ náà kí n tó dà á.