Pípààrọ̀ Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Camry Ògbólógbòó Nílé

Ọkọ̀ Camry tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1997 sí 2001, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní Tiny Light, ṣì ń rìn dáadáa lójú pópó wa, irú rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì 2.2 oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo sì ń lò. Mo ní mẹkáníìkì tí mo fọkàn tán, síbẹ̀ ọwọ́ ara mi ni mo fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà a máa fi ọ́ìlì tó ń jáde nínú rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì sí nítòsí nígbà tó ń dà kò lè gbọ́.

Ẹ ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lítà 4, nítorí pé nǹkan bíi lítà 3.6 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń gbà tí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú. Ẹ yẹ ìdérí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, kí ó má lọ jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣí rí. Àwọn tó ń ta ọ́ìlì sábà máa ń sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n kọ 20W-50 sí lára ló yẹ ọkọ̀ ògbólógbòó. Ó ki lóòótọ́, ó sì lè dín èéfín kù, ṣùgbọ́n tí tiyín kò bá tíì máa rú èéfín, 10W-30 ni mo fara mọ́, nítorí pé ó ń tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì tí a bá ṣáná sí ọkọ̀ láàárọ̀. Fílítà tuntun, wọ́ṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ńpù (àwo irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń wà nínú rẹ̀), sípánà 14, bẹ́sìnnì fífẹ̀, àrọ àti àkísà ló kù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó sì ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó má gbóná débi tí yóò fi bó yín lọ́wọ́. Orí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Tí ẹ bá ti fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró ni kí ẹ gbé e lé. Èèyàn kì í sùn sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, búlọ́ọ̀kù sì burú jù ú lọ, nítorí pé kì í kìlọ̀ kí ó tó fọ́.

Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lókè ẹ́ńjìnnì kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ẹ tó wọ abẹ́ ọkọ̀. Apá ibi tí èrò iwájú ń jókòó sí ni sọ́ńpù ẹ́ńjìnnì wà. Ti jíà wà ní apá awakọ̀, ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń pupa tó bá jẹ́ ọ́tòmátíìkì, nítorí náà ẹni tó bá rí pupa tó ń dà ti tú nọ́ọ̀tì tí kò yẹ. Ẹ fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ wá máa fi ọwọ́ yí i, kí ẹ tì í sókè bí ẹ ti ń yí i, kí ẹ sì fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá tú tán.

Dídúdú ọ́ìlì kì í ṣe àìsàn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ìdọ̀tí. Ẹ tọ́ díẹ̀ sáàárín ìka méjì, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá rí bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan. Tó bá ń rùn bẹntiróò, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá ń dán yinrinyinrin lójú oòrùn, irin ti ń jẹ irin nínú ẹ́ńjìnnì. Mo ní mágínẹ́ẹ̀tì kan tí mo yọ lára sípíkà tó bàjẹ́, tí mo máa ń fi wọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́sìnnì: ìyẹ̀fun dúdú díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá gún ìka ni kí ẹ mú lọ fi han mẹkáníìkì.

Nígbà tí ẹ bá tú fílítà, ẹ wo ojú ibi tó ti kúrò. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò, rọ́bà fílítà àtijọ́ lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, èmi kò mọ̀, mo sì de tuntun lé e lórí. Bí mo ti ṣáná báyìí, ọ́ìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tú jáde sórí sìmẹ́ńtì kí n tó lè sáré pa á. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà lójú, kí ẹ fi ọwọ́ lásán yí i títí yóò fi kan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i. Tí ẹ bá fi wọ́ṣà tuntun dá nọ́ọ̀tì sọ́ńpù padà, òun náà kò fẹ́ agbára púpọ̀. Ẹni bá fi gbogbo apá dè é yóò ba òrùka ojú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó fi ń yí wọ ihò, jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ da lítà 3 sí i, kí ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wo géèjì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì), kí ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Tí ẹ bá ṣáná, iná ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; bí kò bá kú, ẹ pa á kíákíá. Ẹ pa ọkọ̀ náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tún wo géèjì àti abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ da kọ́ńdẹ́ẹ̀mù náà, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ tó dà jáde, sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Káfíńtà àdúgbò mi kì í jẹ́ kí tèmi pẹ́ nílé, nítorí ikán tó ń jẹ pákó òrùlé.