Bí Pẹ́dàlì Bíréèkì Bá Ń Ti Ẹsẹ̀ Padà

Ìlú olókè ni Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Aké tàbí ti Ìtòkú lójoojúmọ́ ni bíréèkì rẹ̀ ń tètè fẹjọ́ sùn. Ẹjọ́ tí mo ní lọ́kàn ni kí pẹ́dàlì máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ padà, tù-tù-tù, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù lọ́rùn ọwọ́, kí ìlù náà sì máa falẹ̀ bí táyà ṣe ń falẹ̀. Nígbà tí ó ṣe ọkọ̀ tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mẹkáníìkì kan pààrọ̀ páàdì fún mi, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ìlù ọ̀hún padà wá, nítorí pé ojú dísìkì, ìyẹn àwo irin tí ń bá táyà yí, tí páàdì ń fún kí ọkọ̀ lè dúró, ni kò dọ́gba.

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a yọ ọ̀rọ̀ ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréèkì pinpin, sílẹ̀ ná. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, tàbí lórí ọ̀nà tí òjò ti rin, nìkan ni pẹ́dàlì ń gbọ̀n gìrìgìrì, iṣẹ́ ABS ni, a kò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Èyí tí ó ń wáyé nígbà tí a rọra tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà gbígbẹ ni àrùn.

Ní ojú títì tí ó tẹ́jú, tí ọkọ̀ kò sì pọ̀, kí a sáré dé nǹkan bí 60 km/h, kí a rọra tẹ bíréèkì. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n pẹ̀lú pẹ́dàlì, iwájú ni kí a kọ́kọ́ wò; bí ó bá jẹ́ pé inú ìjókòó ni a ti ń mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ni. Bí ọkọ̀ bá ní dúróòmù, ìyẹn bíréèkì tí ó dà bí ìkòkò irin, lẹ́yìn, kí a di bọ́tìnì bíréèkì ọwọ́ mú, kí a sì rọra fà á ní 30 km/h: bí ó bá gbọ̀n, dúróòmù kò rí roboto mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iná ni ó tẹ dísìkì, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí dísìkì má jókòó dáadáa lórí họ́ọ̀bù, irin tí a ń de dísìkì àti táyà mọ́. Ìpẹ́ irin tí ó ti dógùn-ún, tí kò nípọn tó èékánná, bí ó bá há sí àárín àwọn méjèèjì, ó tó láti mú kí etí dísìkì máa mì sọ́tùn-ún sósì. Bákan náà ni nọ́ọ̀tì tí fọkanáísà dè láìdọ́gba. Lọ́jọ́ náà, a kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí, ibì kan náà lára dísìkì ni yóò máa ha páàdì, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ wa kò sí lórí bíréèkì, títí ibẹ̀ yóò fi fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan, páàdì yóò máa bọ́ sí ibi tí ó fẹ́lẹ́, yóò máa gun ibi tí ó nípọn, epo bíréèkì yóò sì gbé e wá bá ẹsẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí a kì í fi rántí pé ọjọ́ tí a tú táyà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òkè náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Bí dísìkì bá ti gbóná janjan nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tán, tí a sì tẹ bíréèkì pinpin ní oríta, páàdì lè lẹ ara rẹ̀ mọ́ ojú kan. Jíà kékeré ni kí a fi máa sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí a ti ṣiṣẹ́ náà, kí a há táyà yòókù, kí ìdúró irin sì gba ọkọ̀, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí a di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí a mì í. Bí ó bá ń yẹ̀, béárìnì ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, kí a fi wáyà so kalípà, irin tí ó gbá páàdì mú, mọ́ sípíríǹgì, kí ó má fi họ́ọ̀sì epo bíréèkì rọ̀. Kí a fi nọ́ọ̀tì de dísìkì nìkan, kí gééjì alábẹ́rẹ́, ohun ìwọ̀n tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi ìmì hàn, dúró ní nǹkan bí 10 mm sí etí rẹ̀, kí a sì yí i: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òpin ìmì wà láàárín 0.05 mm sí 0.1 mm. Kí a fi maikiromítà wọn bí ó ṣe nípọn tó ní ojú mẹ́jọ yíká, ìyàtọ̀ 0.02 mm ti tó fún ẹsẹ̀ láti mọ̀.

Bí nínípọn rẹ̀ kò bá dọ́gba, kí a gbé e fún ẹni tí ó ní lẹ́ẹ̀tì kí ó fá a, àfi bí yóò bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára dísìkì náà. Nígbà náà, kí a ra méjì, ọ̀tún àti òsì. Yálà tuntun ni tàbí èyí tí a fá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e padà láìfi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù títí yóò fi dán, pàápàá ní ìdí bóòtù níbi tí ìpẹ́ ń fara pamọ́ sí. Mo fi ọwọ́ ara mi họ ti ọkọ̀ mi, ó bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí èèpo ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Kí a fi gíríìsì bíréèkì pa píìnì kalípà, kí a sì máa de nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tí ó ń ka agbára. Fún ọ̀pọ̀ Toyota Corolla, 103 Nm ni. Lẹ́yìn èyí, kí páàdì àti dísìkì lè bá ara wọn mu, kí a ti 50 km/h rọra dín in kù sí 10 km/h ní ìgbà bíi mẹ́wàá láìdúró pátápátá, kí a wá wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tutù. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 km, kí a tún fi sípánà yẹn kan nọ́ọ̀tì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.