Bí Aránṣọ Ṣe Lè Kọ Iṣẹ́ Tí Apá Rẹ̀ Kò Ní Í Ká Kí Ọdún Tó Dé

Bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́lé, aránṣọ kì í wá iṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ ni í máa wá a. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú ni mo sì máa ń rí tí wọ́n ń sá pamọ́ fún oníbàárà nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la, nítorí pé wọn kò kọ iṣẹ́ kankan rí.

Ẹ kọ́kọ́ ka ọjọ́. Kàlẹ́ńdà ńlá tí ìjọ tàbí ẹgbẹ́ máa ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ dára ju ti orí fóònù lọ, nítorí pé oníbàárà náà yóò rí i lára ògiri. Kérésìmesì kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 11 ni Iléyá fi máa ń ṣáájú ti èṣí. Bí ọjọ́ 20 bá kù, ẹ yọ ọjọ́ Àìkú 3, ẹ yọ 2 fún àìsí iná àti máṣíìnì tí ó lè bàjẹ́, kí ẹ sì yọ 3 tí ó gbẹ̀yìn fún wíwọ̀ wò àti àtúnṣe. Ó ku 12. Bí ẹ bá lè rán ìró àti búbà 2 lóòjọ́, ẹ fa ìlà 24 sínú ìwé ọmọ iléèwé kan, kí ẹ máa kọ orúkọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Gáùnù léèsì tí ó máa ń gba ọjọ́ 2 yóò jẹ ìlà 4. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lè dá gé aṣọ kò sí nínú ìṣirò yìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú ni ìgbà tí ìlà bá tán, tí oníbàárà mìíràn sì wọlé, pàápàá bí ó bá jẹ́ àgbà tí ó ti ń bá yín bọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ dìde kí wọn, ẹ fún wọn ní àga, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rá aṣọ wọn. Òfin tí n kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti rú nìyí. Aṣọ tí ẹ bá ti tú wò, tí ẹ ti yìn, tí ẹ sì ti dá sí ọ̀rọ̀ sítáì rẹ̀, ẹ ti gbà á nìyẹn, bí ẹ bá sì wá ní kí wọ́n gbé e padà, wọn yóò kà á sí àbùkù. Èyí tí ó burú jùlọ ni "ẹ gbé e sílẹ̀ ná, n ó wò ó." Oníbàárà ti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, aránṣọ gbà pé òun kò tíì ṣèlérí, aṣọ sì wà lábẹ́ tábìlì títí ọdún fi dé.

Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, mà. Iṣẹ́ ọdún ti kún. Bí ẹ bá lè dúró, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ni mo lè fi lé yín lọ́wọ́." Kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé iná kò sí, Màmá yóò ní àwọn yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá ní, "Àní èmi náà?", ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ kúnlẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún gbólóhùn kan náà sọ. Bí wọ́n bá fowó lé owó, ẹ má gbà á. Owó náà kò ní sọ ọjọ́ 12 di 13.

Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ ẹbí pẹ̀lú: ẹni tí ó gbé 5 wá lónìí lè mú ti àbúrò ọkọ rẹ̀ kún un lọ́la, nítorí náà ẹ béèrè gbogbo iye rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ti ẹni tí ìlà wà fún kò le: ẹ wọn ara rẹ̀, ẹ gba ìdajì owó, ẹ fi píìnì so ìwé pélébé tí ọjọ́ wíwọ̀ wò wà lára rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti gbà ju agbára lọ, ẹ pe àwọn tí ẹ kò tíì gé aṣọ wọn nígbà tí ó bá ṣì ku ọjọ́ 10, kí ẹ dá aṣọ àti gbogbo owó wọn padà. Ẹ lè júwe aránṣọ mìíràn fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé aṣọ náà fún un lẹ́yìn wọn, nítorí pé ẹni tí ó ti ń wọ aṣọ yín tipẹ́ yóò kàn wo ọrùn búbà náà lásán ni, yóò sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.