Bí ẹ ṣe lè kó ímeèlì áàpù yín lọ sọ́dọ̀ olùfiránṣẹ́ mìíràn láì jẹ́ kí OTP sọnù

Áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń bójú tó n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá san owó oṣooṣù, risíìtì á wọ ímeèlì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó, OTP, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí à ń fi ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa fi ímeèlì ránṣẹ́ ń gbà kọjá agbára ẹgbẹ́, a kó lọ sí Amazon SES, ẹ̀ka Amazon tó ń bá áàpù fi ímeèlì ránṣẹ́. Ètò kan wà tí n kì í yí padà nínú irú iṣẹ́ yìí: orúkọ rere dómeènì (orúkọ tó ń tẹ̀ lé @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì) la kọ́kọ́ ń tọ́jú, kóòdù ló ń tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ ti béèrè láti jáde kúrò nínú sandbox, ìyẹn ipò ìdánwò tí SES máa ń fi ẹni tuntun sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé SES kò lè fi ju ímeèlì 200 ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24, àwọn àdírẹ́sì tó ti fìdí wọn múlẹ̀ nìkan ló sì lè kọ ọ́ sí.

Bí ẹ ṣe ń dúró de èsì, ẹ lọ gba àkójọ àwọn àdírẹ́sì tó ti kú lọ́wọ́ olùfiránṣẹ́ àtijọ́, àti ti àwọn tó ti tẹ spam sí ímeèlì yín. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Olùfiránṣẹ́ tuntun kò mọ̀ wọ́n rí. Bí ẹ bá kọ̀wé sí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, tí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sì padà, SES á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ yín. Bó bá dé ìdá mẹ́wàá, wọ́n lè dá yín dúró. Nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa, ọmọ tàbí oní-cybercafé ló ṣí ímeèlì fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, torí náà àdírẹ́sì tó ti kú kì í wọ́n. Ẹ da àkójọ náà sínú suppression list ti SES, ìyẹn àkójọ àwọn àdírẹ́sì tí kò ní kọ̀wé sí, kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.

Ó kan DNS, ibi tí àwọn àkọsílẹ̀ nípa dómeènì yín wà. SES á fún yín ní CNAME (irú àkọsílẹ̀ DNS kan) mẹ́ta fún DKIM, ìbuwọ́lù tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ dómeènì yín ni ímeèlì ti wá; ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, wọn kò ní bá ara wọn jà. SPF, àkọsílẹ̀ tó ń dárúkọ àwọn tó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ lórúkọ dómeènì, ló ń fẹ́ ìṣọ́ra: ẹyọ kan ṣoṣo ni dómeènì kan gbọ́dọ̀ ní, kò sì gbọdọ̀ ju ìwádìí DNS 10 lọ. Tèmi ni pé kí ẹ má fọwọ́ kan ti dómeènì gangan rárá. Ẹ ya sọ́bùdómeènì kan sọ́tọ̀ fún MAIL FROM (àdírẹ́sì tí ímeèlì tí kò dé ń padà sí), kí ẹ fi MX (àkọsílẹ̀ ibi tí ímeèlì ń wọlé) àti SPF tirẹ̀ síbẹ̀. Láti oṣù Kejì 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè DMARC (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ímeèlì tí kò bá yege SPF tàbí DKIM lórúkọ dómeènì yín) lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́; ẹ fi p=none bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n má dá ìkankan dúró. Ẹ wá kọ̀wé sí Gmail ara yín, ẹ ṣí Show original, kí ẹ rí i pé SPF, DKIM àti DMARC jẹ́ PASS.

Nínú kóòdù, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àlàyé owó oṣooṣù ni kó kọ́kọ́ lọ, torí a lè tún un fi ránṣẹ́. Risíìtì ló tẹ̀ lé e. OTP ló kẹ́yìn, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ pé bí ti tuntun bá pẹ́ kó dáhùn, kí áàpù gba ọ̀dọ̀ ti àtijọ́ lọ fúnra rẹ̀: pé kò tíì dáhùn kò sọ pé kò tíì fi ránṣẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ á sì gba OTP méjì, kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀.

Webhook, ibi tí áàpù yín ti ń gba ìròyìn lórí ímeèlì tó padà, ń fẹ́ àtúnkọ. SES máa ń pe ímeèlì tó padà ní Permanent, Transient tàbí Undetermined. Permanent nìkan ni kí ẹ tìlẹ̀kùn mọ́. Transient lè jẹ́ àpótí tó kún lásán.

Ẹ fi DKIM àtijọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ímeèlì tó há sọ́nà ṣì nílò rẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ máa wo dáṣíbọọ̀dù àtijọ́ lójoojúmọ́. Bí ímeèlì kan bá ṣì ń gba ibẹ̀ jáde, cron kan (iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ bí àkókò bá tó) wà níbìkan tó ń lo API key (kọ́kọ́rọ́ tí kóòdù fi ń wọlé sọ́dọ̀ olùfiránṣẹ́) àtijọ́. Ẹ wá a rí, ẹ yí i padà, kí ẹ tó pa key náà rẹ́.