Ṣé irúgbìn tuntun ló sàn ni, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́?

Bí irúgbìn tuntun bá so dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì kó gbogbo owó yín lé e. Apá kan oko lọ́ràá, omi ń dá gún sí apá kan, igi ṣíji bo òmíràn. Bó bá jẹ́ ibi ọlọ́ràá lẹ gbìn ín sí, ilẹ̀ lẹ dán wò yẹn.

Ẹ yan ibi mẹ́fà, kí ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì dọ́gba. Ẹ ta owó onírin sókè láti mọ apá tí tuntun máa gbà. Ẹ má fojú yàn án o, ojú a máa ṣègbè. Ronald Fisher, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Rothamsted nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, ló sọ irú pínpín yìí di àṣà nínú ìwádìí oko. Ajílẹ̀ kan náà, ọjọ́ ìgbìn kan náà; ẹ wọn ìkórè apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ká ní irúgbìn méjèèjì ò sàn jura wọn lọ. Kí ọ̀kan ṣoṣo borí níbi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ì báà jẹ́ tuntun ì báà jẹ́ ti àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì nínú 64 ni èèṣì lè ṣe é, bí ìdá 3 nínú 100. Ìdá 5 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣirò fi ṣe ààlà, nítorí náà ẹ̀rí wà. (Ìdá 3 yẹn kò sọ pé ìdá 97 ló dájú pé tuntun sàn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́.) Bó bá jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́fà ńkọ́? Èèṣì lè mú irú èyí tàbí jù bẹ́ẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá nínú 64. Ẹ̀rí ò tíì tó nìyẹn; kò túmọ̀ sí pé tuntun ò dára.

Àṣìṣe méjì ló wà: ká gba ohun tí kò sàn, tàbí ká kọ ohun tó sàn. Bí ẹ bá le mọ́ ọ̀kan, èkejì á pọ̀ sí i, àfi tí ẹ bá fi kún iye ibi tí ẹ ti dán an wò. Bí irúgbìn náà bá wọ́n, àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ẹ sá fún jù. Ẹni tó bá sì dán oríṣi ogún wò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣeé ṣe kí èèṣì mú ọ̀kan yege bí kò tilẹ̀ sàn ju ti àtijọ́ lọ.

Nínú ilé, tí ẹ bá ń yẹ àpò ọkà wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ẹ má bu ti òkè nìkan. Ẹ bu látòkè, láàárín àti nísàlẹ̀, nínú àpò tí ẹ ò fojú ṣà. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ìṣirò yín súnmọ́ òótọ́ ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin lẹ máa bù.