Bí a ṣe ń lo ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì nínú bàálù kékeré nílẹ̀ òtútù

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ní Láfẹ́nwá, níbi tí a ti ń tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, gbọ́dọ̀ tún ohun kan kọ́ kí ó tó lè gba àwọn ọmọ wa tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù kékeré ní Kánádà nímọ̀ràn. Ooru tí ẹ́ńjìnnì yìí nílò, ọ̀fẹ́ là ń rí i gbà ní Abẹ́òkúta. Lọ́hùn-ún, ènìyàn ni yóò wá a, tí yóò sì tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe plọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí dísẹ̀lì. Afẹ́fẹ́ tí písítìn fún pọ̀ títí tó fi gbóná gan-an ló ń mú kí epo gbiná, nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ àti irin tó yí i ká bá tutù jù, epo lè má gbiná rárá.

Orí epo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Ìda wà nínú dísẹ̀lì, bí òtútù bá sì mú un, ìda náà a máa dì bí àdín àgbọn ti ń dì lásìkò ọyẹ́, a sì dí fítà pa. Dísẹ̀lì ìgbà ooru lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí òtútù tó dé ìwọ̀n 10 lábẹ́ òdo ní Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Bí bàálù bá sì ṣe ń gòkè ni òtútù sábà máa ń le sí i, nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 fún 1,000 mítà, tó fi jẹ́ pé epo tó ń ṣàn dáadáa nílẹ̀ lè dì lókè. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ Jet A-1, epo tí àwọn bàálù ńlá ń lò, tí kì í dì títí di ìwọ̀n 47 lábẹ́ òdo, bí ẹ́ńjìnnì bá lè lò ó. Àmọ́ kì í yọ̀ tó dísẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ yíyọ̀ epo ni kì í jẹ́ kí irin inú pọ́ọ̀ǹpù máa ha ara wọn. Ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì mọ́tò nínú bàálù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ kí ó tó rọ ọ́ sí táǹkì. Ẹ má da pẹtiróòlù mọ́ dísẹ̀lì láé.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa epo díẹ̀ láti ìdí táǹkì sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rú, ẹ gbé ìgò náà síbi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Bí ó bá padà mọ́ gaara, ìda ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀kán tó jọ sí ìdí ìgò, omi ti wọ táǹkì. Omi tó ti di yìnyín kì í ṣàn jáde, a sì lè rò pé táǹkì mọ́, nítorí náà ẹ fà á jáde nígbà tí bàálù ṣì wà nínú ilé tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó ṣì ń kan tirẹ̀ lè fi fítà síbi tí ooru ẹ́ńjìnnì ń dé, kí ó sì jẹ́ kí epo gbígbóná tó ń padà láti ọ̀dọ̀ nọ́súlù, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, wọ inú táǹkì tí ẹ́ńjìnnì ń fà lọ́wọ́.

Híítà plọ́ọ̀gì, tó kàn ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí a tó tan án, nìkan kò tó. Ẹ fi híítà oníná mú ọ́ìlì, omi rédíétọ̀, irin ẹ́ńjìnnì àti bátìrì gbóná pọ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ fi aṣọ nípọn bo imú bàálù; ẹ má fi iná tó ń jó sún mọ́ ọn. Bí omi àti oògùn tí kì í jẹ́ kó dì bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì nínú rédíétọ̀, yóò dúró títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 37 lábẹ́ òdo.

Ẹ fọwọ́ pàtàkì mú bátìrì, nítorí kọ̀ǹpútà ló ń darí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì òde òní, òtútù sì ń sọ bátìrì di ọ̀lẹ. Lọ́dún 2007, ní Speyer ní Jámánì, wọ́n fi iná mànàmáná láti ìta tan bàálù kékeré DA42 kan, tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì méjì, tí bátìrì rẹ̀ kò lágbára. Bí ó ti gbéra tí wọ́n ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, iná kò tó kọ̀ǹpútà mọ́, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì kú. Ẹ ní bátìrì kejì tó wà fún kọ̀ǹpútà nìkan.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹ má dá agbára ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ tútù ń wọlé, epo tó ń jó kéré, iná inú rẹ̀ sì lè kú. Ilé iṣẹ́ máa ń sọ ibi gíga tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá bí a bá fẹ́ tún un tan. Ẹ kọ iye mítà náà sí iwájú awakọ̀ ní lẹ́tà ńlá.